Ọdún Iṣu Lọ Sí Dàhómì
Nínú PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò sórí sáfà, strtotime ló ń ka déètì tí ènìyàn bá tẹ̀. Ó mọ̀wé, àmọ́ ní ti Amẹ́ríkà: bó bá ti rí ìlà dídagun, oṣù ló ń kà ṣáájú ọjọ́. Ní Savalou, ní Benin, 15 oṣù kẹjọ ni ọdún iṣu. Bí akọ̀wé bá tẹ 15/08/2024, strtotime á wá oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún títí, kò ní rí i, á sì dá false padà. Ìyẹn ì bá tó, ṣùgbọ́n date, ẹnìkejì rẹ̀, kì í gba “rárá” gbọ́. Òdo ló kà á sí, òdo sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970. Ni ọdún iṣu bá bọ́ sí aago kan òru, 1 oṣù kìíní 1970, ní Dàhómì, nítorí 1975 ni orílẹ̀-èdè náà tó di Benin. (Aago kan ni, kì í ṣe méjìlá: ẹnìkan rántí kọ agbègbè aago, Africa/Porto-Novo, síbẹ̀. Ó káre.) Ti 05/08/2024 tún burú jù: ẹ̀rọ ò jiyàn rárá, 8 oṣù karùn-ún ló kọ sílẹ̀, nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní 15-08-2024, ẹ̀rọ kan náà á gbà kíákíá pé ọjọ́ ló ń ṣáájú. Àmọ́ ẹni tó kúrò lóko ní ààlà Bantè ní aago mẹ́jọ, tó sì wọ Tógò, níbi tí aago ti fi wákàtí kan wà lẹ́yìn, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn yé PHP yékéyéké.