Ìjàpá Onífèrè àti Igún Onísìgá

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Igún onísìgá, ó sì dá lórí àwọn ọmọ ẹranko tí fèrè kò kúrò lẹ́nu wọn.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Igún nìkan ló ń ta sìgá. Ọjà tà títí, àmọ́ nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ń wúkọ́, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Igún kò bínú sí òkú, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ohun tó ká a lára ni pé òkú kì í ra sìgá. Àwọn ọmọ tó rí ohun tó pa bàbá wọn kò sì yà sí ìsọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá gbé fèrè kékeré kan dé, kò gùn ju ìka lọ. Bí wọ́n bá fà á, èéfín funfun á jáde, òórùn máńgòrò á gba àdúgbò. Ó ní àwọn àgbà tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lòun ṣe é fún. Kò purọ́ tán: Erin fà á, ó jáwọ́ nínú sìgá, ikọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni Ìjàpá pàtẹ sí, ó ń kọrin:

Lílé: Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá fa fèrè
Ègbè: Fẹ́ẹ́fẹ́, fèrè dùn
Lílé: Kò léérú, kò níná
Ègbè: Fẹ́ẹ́fẹ́, fèrè dùn
Lílé: Bàbá yín ò ní mọ̀
Ègbè: Fẹ́ẹ́fẹ́, fèrè dùn

Ohun tí kò fi kọrin ni pé oró tó ń so amusìgá mọ́ sìgá wà nínú fèrè náà. Sìgá a máa ta ọmọdé lọ́fun, á sọ ọ́ nù. Fèrè kì í ta á lọ́fun. Kò pẹ́, ọmọ Ehoro kò lè parí ìṣirò kan kó má tọrọ àyè lọ sílé ìtọ̀. Ọmọ Ọ̀bọ kó tirẹ̀ mọ́ gègé, olùkọ́ kò fura. Bí ọmọ Òkété bá ta jí lóru, abẹ́ ìrọ̀rí ló kọ́kọ́ ń fọwọ́ tá.

Àwọn ìyá forin gbé ẹjọ́ dé ààfin Kìnnìún, àwọn ọmọ tó tẹ̀lé wọn ló sì ń gbè é:

Lílé: Kábíyèsí, ọmọ wa ò sùn
Ègbè: Fẹ́ẹ́fẹ́, fèrè dùn
Lílé: Ìjàpá, wá kó fèrè rẹ
Ègbè: Fẹ́ẹ́fẹ́, fèrè dùn

Ẹkùn ní fèrè ló ń sin ọmọ dé ìdí sìgá: ọmọ Òkété kò mu sìgá rí, àmọ́ lọ́jọ́ tí fèrè rẹ̀ tán, ìsọ̀ Igún ló yà sí. Àgbọ̀nrín ní irọ́ ni, ó ní látìgbà tí fèrè ti dé ni àwọn ọmọ tó ń mu sìgá ti ń dín kù. Wọ́n jiyàn di alẹ́. Igún jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ni Yánníbo bá fi ìbínú tú àpò ọkọ rẹ̀ síta. Ìwé àdéhùn jábọ́: Igún ti ra lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ fèrè!

Kìnnìún ní, “Ẹ fi iyàn sílẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ọmọ gbà, Igún ló ń gba owó oníbodè.”

Ó bu owó ìtanràn lé Ìjàpá. Ìjàpá san án, ó sì kọ “Àgbà nìkan” sára ìsọ̀ rẹ̀, àwọ̀ máńgòrò ló fi kọ ọ́.

Ẹni tó bá pè é ní àlọ́ lásán, kó wo Amẹ́ríkà. Ní 2015 ni Juul, irú fèrè tí wọ́n ń pè ní vape, dé. Ní 2018, nígbà tí ó lé ní ọmọ kan nínú márùn-ún tó ń fa vape nílé ìwé girama, Altria tó ń ta sìgá Marlboro níbẹ̀ fi bílíọ̀nù 12.8 dọ́là ra ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún Juul. Ní 2023, Altria yọwọ́ nínú Juul, ó sì ra NJOY, vape mìíràn, lọ́dún kan náà.

Àlọ́ mi kọ́ òbí pé bí wọ́n bá ń jiyàn lórí èéfín méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ìsọ̀ méjèèjì. Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó! Pó! Pó!