Kẹ̀kẹ́ Nínú Ẹ̀gún

Ẹnì kan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Òwe yìí rọrùn láti lò láyé àtijọ́. Ọdẹ tó já wọ inú ẹ̀gún ń lé ìgalà ni. Ẹni tó já jáde níbẹ̀ láìwẹ̀yìn, bí kì í bá ṣe ejò ló ń lé e, á jẹ́ pé ogun ni. Àgbà tó bá rí ẹni tó ń sáré kì í bi í ju ìbéèrè kan lọ, ìdáhùn kì í sì í pẹ́. Ohun tó wá da òwe náà rú ni ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere tó wọ́n ju ọ̀kadà lọ, tó fi ìdájí Sátidé sáré láti Ìbàdàn dé Ìkirè, tó mu omi lẹ́ẹ̀mejì, tó sì yí padà síbi tó ti wá. Kò sẹ́ran níwájú rẹ̀. Kò séjò lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, òógùn ń kán tó-tó-tó.

Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, lápá ibi tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti bá ti Ọ̀yọ́ pààlà. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ á gba Ẹgbẹ́dá, á kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, níbi tí wọ́n ti sé omi tí ará Ìbàdàn ń mu, kó tó wọ Ìkirè. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò lágbègbè yìí. Nígbà tí kòkó ń pawó, Raleigh tí wọ́n ń rọ ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ̀kẹ́ ọlọ́lá. Ó wúwo tó bíi kìlógíráàmù 20, kó tó wá di pé wọ́n di ẹrù lé e. Àgbẹ̀ ń fi í gbé kòkó lọ síbi ìwọ̀n, adẹ́mu ń so agbè mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, tíṣà ń gùn ún lọ síléèwé. Gbogbo wọn ló ń lé nǹkan: owó, ọjà, agogo iléèwé. Bí àgbẹ̀ bá gun òkè délé, oúnjẹ ló ń béèrè. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye ìgbà tí ọkàn òun lù lórí òkè náà.

Agunkẹ̀kẹ́ òde òní yàtọ̀. Ìlú ńlá ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ bíi Cycology l'Ékòó, tí wọ́n ń jí gun kẹ̀kẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ kí ọkọ̀ tó gba títì. Ohun èlò ló máa ń ṣáájú. Àjọ UCI, tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gbà kí kẹ̀kẹ́ ìdíje fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ. Àwọn tó ń fi eré jẹun ni wọ́n ṣe òfin náà fún, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mú un bí òfin Mósè. Ó ta kẹ̀kẹ́ onírin, ó ra ti kábọ̀n. Ó yọ gàárì tó bá a wá, ó ra òmíràn tó fi 100 gíráàmù fúyẹ́ jù ú lọ. Ó pààrọ̀ ìdè ìgò omi nítorí 20 gíráàmù. Kìlógíráàmù mẹ́wàá tó rọ̀ sórí bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú ìṣirò, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ikùn kábọ̀n.

Àpòmù mọ ibi tí kíka nǹkan wẹ́wẹ́ lè gbé èèyàn dé. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sọ pé ìjà lórí iye atare lọ́jà Àpòmù ló ṣáná sí ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19. Atare kò wúwo. Ìlú tó tipasẹ̀ rẹ̀ dahoro ló wúwo. Ẹni tó bá ń fi owó oṣù mẹ́ta ra gíráàmù ọgọ́rùn-ún, kó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ogun kò tíì sún mọ́ ilé.

Lẹ́yìn ohun èlò, ìgbáradì ló kàn. Ìlànà rẹ̀ kò burú. Ara èèyàn kì í lágbára sí i lásìkò iṣẹ́. Ìgbà tó bá sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń tún ara rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á máa fi ọjọ́ tó pọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, débi pé ó lè máa tàkúrọ̀sọ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Á fi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ sá eré àsápajúdé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Á fi ọjọ́ kan gùn jìnnà. Láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, á fi gbogbo okun gun kẹ̀kẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú, á wo iye wáàtì tó mú jáde, á sì yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni wọ́n gbà pé ó lè gbé dúró fún odindi wákàtí kan. Ẹni tí kì í fi eré jẹun tó bá mú 200 wáàtì jáde ti gbìyànjú. Ó tó tan gílóòbù àtijọ́ méjì, oníwáàtì ọgọ́rùn-ún.

Àgàgà tí kò bá sí iná. Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí títì bá ń ba agunkẹ̀kẹ́ lẹ́rù, irin kan wà tí wọ́n ń de ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mọ́ nínú yàrá, kí ẹsẹ̀ lè máa yí láìlọ síbì kankan. Irin náà ń fẹ́ iná. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Bẹntiróò ń jó, fáànù ń fẹ́, èéfín ń wọlé, ọkùnrin náà tẹjú mọ́ fóònù, ó ń gun òkè erékùṣù kan tí kò sí láyé, tí ilé iṣẹ́ Zwift yà sínú íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń gba dọ́là lóṣooṣù lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè mú 1,000 wáàtì wá ń pariwo níta kí èèyàn kan lè mú 200 wá nínú ilé. 200 náà kò tan gílóòbù kankan; inú irin ló gbóná sí, ó sì dànù. Òkè gidi wà lójú ọ̀nà Àpòmù, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tí kò le jù. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 30 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkirè lọ sọ́jà Àpòmù, tó sì ń gùn ún padà, ti san gbèsè tó jẹ ara rẹ̀, ó sì ti ra ata bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdárayá tó bá bá ni ra ata kò níyì lójú agunkẹ̀kẹ́. Tiẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò wúlò fún ohunkóhun.

Oúnjẹ náà ní ètò tiẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá wákàtí kan àbọ̀ nílò oúnjẹ aṣaralókun tó ń tètè dà, bíi 30 sí 60 gíráàmù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń fi eré jẹun ń jẹ tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni agunkẹ̀kẹ́ ṣe ń ra ọ̀rá pẹlẹbẹ tó ti òkè òkun wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ṣúgà, omi àti iyọ̀ díẹ̀ lọ. Ó ń fa á mu nígbà tó ń kọjá níwájú àtẹ dòdò Ìkirè. Ìtàn ìlú sọ pé ìyá arúgbó kan tí kò ní nǹkan mìíràn nílé ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ló kọ́kọ́ gún un pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tó dín in nínú epo pupa. Ohun tí òǹjẹ ì bá dà nù ló wá di orúkọ ìlú lẹ́nu arìnrìn-àjò. Òótọ́ ni pé epo kì í tètè dà nínú ikùn, ata sì lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ lórí gàárì. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lórí àtẹ kejì kò lẹ́bi kankan, ìlànà ìgbáradì gan-an sì fọwọ́ sí i.

Ìyá tó ń ta dòdò kì í pa òwe kó tó béèrè ohun tó ń ṣe é ní kàyéfì.

"Bọ̀dá, ẹ kú eré o. Ṣé kò sí o? Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan, mà. Eré ìdárayá ni."

"Ta lẹ̀ ń bá sá a?"

"Ara mi ni, mà."

"Ó dáa o. Ta wá ló wà níwájú?"

Kò sí ìwé ìgbáradì tó ní ìdáhùn ìbéèrè yìí.

Ní ti ìdíje, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá agunkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà títẹ́jú. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ná lórí afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó bá sá mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn á dín làálàá rẹ̀ kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, tí wọ́n ń gba iwájú ní ìpín-ìpín, títí dìgbà tí òpin bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ kí kálukú tó mọ tirẹ̀. Eré àjọṣe ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi àyà nìkan gba afẹ́fẹ́ ní kìlómítà 40 ní wákàtí kan, àwọn tó sinmi sẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́.

Fóònù ló ba àjọṣe náà jẹ́. Strava, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, gbà kí wọ́n gé títì sí abala-abala, ó sì ń gbé adé lé orúkọ ẹni tó bá yára jù lórí abala kọ̀ọ̀kan. Ọba Òkè ni oyè náà. Ìkirè ní Akirè, Àpòmù ní Alápòmù. Afọbajẹ ló yàn wọ́n, ìlú ló sì mọ̀ wọ́n lọ́ba. Ọba Òkè jọba lórí afárá kan láàárín ìṣẹ́jú méjì, kò sẹ́ni tó kí i ní kábíyèsí, àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Bí ọmọ iléèwé gíga kan bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì nígbà tí afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, íméèlì ni wọ́n fi ń rọ kábíyèsí lóyè.

Àwọn tó ń lé nǹkan lórí kẹ̀kẹ́ wà ní tòótọ́. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí ìpele kan nínú Tour de France, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Ìpele mẹ́ta ló borí lọ́dún náà, ó sì gba ẹ̀wù àwọ̀ ewé, ti ẹni tó kó máàkì jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n sá ìdíje àgbáyé ti ojú títì ní Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ rèé nílẹ̀ Áfíríkà. Ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, wọ́n fi orúkọ Ese Ukpeseraye, agunkẹ̀kẹ́ Nàìjíríà, kún eré inú pápá lójijì, kò sì ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn níbẹ̀ lọ́wọ́. Ikọ̀ Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ẹni tó ń lé nǹkan yá kẹ̀kẹ́ sá. Ẹni tí kò lé nǹkan gbé mẹ́ta kọ́ ògiri pálọ̀.

Ewu ló kẹ́yìn ètò, òun sì ni agunkẹ̀kẹ́ kì í ṣírò. Fausto Coppi ará Ítálì, tó gba Tour de France lẹ́ẹ̀mejì, wá sí Upper Volta, Burkina Faso ti òní, ní oṣù kejìlá ọdún 1959, láti sáré kẹ̀kẹ́ àti láti ṣọdẹ. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà délé, àwọn dókítà kò mọ̀ pé ibà ni, ó sì kú ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1960, lẹ́ni 40 ọdún. Ẹni tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kì í lè lé bá, ẹ̀fọn bá a. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tírélà ni ẹ̀fọn náà, kòtò sì ni àbúrò rẹ̀. Agunkẹ̀kẹ́ tó ti fi orin dí etí, tó tẹrí mọ́ aago ọwọ́ láti wo bí ọkàn òun ṣe ń lù, kì í gbọ́ fèrè tírélà. Aago náà mọ ìlù ọkàn dé góńgó. Kò mọ̀ pé tírélà ń bọ̀.

Nígbà tí a bá tú gbogbo rẹ̀ wò, òwe náà ṣì dúró. Nǹkan ń lé ọkùnrin náà ní tòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń lé e, àga ọ́fíìsì ń lé e, ọjọ́ orí ń lé e, dókítà sì ti sọ fún un. Wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ márùn-ún ti tó láti sá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àní lórí Raleigh tó jogún. Èyí tó ń mú kó já wọ inú ẹ̀gún ni ìkẹrin, tí dókítà kò mẹ́nu bà. Láyé àtijọ́, ejò ló ń yọ sí èèyàn. Lóde òní, èèyàn ló ń fi dọ́là ra ejò, tó ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, tó sì ń ṣáájì í mọ́jú, kó má baà rẹ̀ ẹ́ láti lé òun bó bá di ìdájí.