Oríkì A-rán-fọ́tò-má-bára-mu

Ẹ bá mi kí i o, A-rán-fọ́tò-má-bára-mu!
Ọ̀gá ayafọ́tò tó gun Láyípo l'Ókè Ààrẹ,
ilé gíga tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí ojú ti ń ká Ìbàdàn.
Ó dókè tán, ó na apá gbọọrọ,
ó ń gbá fóònù yíká bí ẹni ń gbálẹ̀ ọjà.

A-gérin-láìlo-ayùn!
Irin ìdáwọ́lé iwájú rẹ̀ dá sí méjì nínú fọ́tò.
Ojú lẹ́ńsì ló yẹ kó yí lójú kan ṣoṣo;
apá ló yí, kámẹ́rà ṣí nípò.
Irin tó wà nítòsí sún, òkè ọ̀ọ́kán ò mira;
nígbà tí kọ̀ǹpútà fẹ́ rán wọn pọ̀,
irin ò bá ara rẹ̀ pàdé mọ́.

A-sọ-ojú-ọ̀run-di-aṣọ-onílà!
Ó ní kí kámẹ́rà máa wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.
Ó kọjú sóòrùn, òrùlé ṣú;
ó kẹ̀yìn sí i, gbọ̀ngàn Mápó funfun báláú.
Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ì bá fi ya gbogbo rẹ̀.

A-pín-ẹnìkan-yẹ́lẹyẹ̀lẹ!
Bàbá tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́,
orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ dàwátì.

Ahun paraku!
Fọ́tò kan ì bá gun èkejì tó ìdá kan nínú mẹ́ta,
kí kọ̀ǹpútà lè rí ibi tí wọ́n ti jọra;
etí lásán lo fi kan etí.

Ní 1848, Charles Fontayne àti William Porter dúró lódìkejì odò Ohio,
wọ́n ya ìlú Cincinnati sórí àwo mẹ́jọ,
àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò.
Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí Hugin tó ń rán fọ́tò pọ̀.
Ilé ń bá ilé tan, ọkọ̀ ojú omi tò létí odò;
bí a bá fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di ńlá lónìí, aago orí ilé ṣì ṣeé kà.
Ìwọ tó ní fóònù lápò, agbo ilé odindi lo gé dànù!

Ó ń dùn mí, nítorí páànù dídípẹtà orí ilé Ìbàdàn wọ̀nyẹn ń lọ.
Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí wọn, tí aláwọ̀ tuntun ń gorí ilé.
Ẹni tó bá ń wá ojú ilé bàbá rẹ̀ lọ́la,
fọ́tò báyìí ni yóò yẹ̀ wò.
Tún un yà, ọ̀gá.
Gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí o dá a dúró lóòró,
kí oòrùn tó yẹ̀ lórí àdúgbò Bẹẹrẹ.