Ọmọ Onípákó Lójú Òkun

Bàbá mi ń ta pákó ní Ajilete. Kí n tó mọ orúkọ ara mi kọ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ ìrókò sí afàrà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi yan pákó ní Tarkwa Bay.

Ẹ má bi mí ohun tí ọmọ Yewa ń wá létí òkun. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ láti Èkó, torí títì kò dé ibẹ̀. Oṣù Kejì ni, ìgbì ń wọ́ bọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọmọkùnrin tí yóò kọ́ mi ní sọ́ọ̀fù, eré gígun ìgbì lórí pákó, fa pákó fóòmù kan jáde, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ló máa gbé yín."

Fóòmù kẹ̀? Ṣé mo wá sùn ni? Mo fi ìka kàn án bí Bàámi ṣe máa ń ṣe, kò dún. Mo wá rí òmíràn lára ògiri: ẹsẹ̀ bàtà 6, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí ẹ̀ rí ṣóńṣó, ó ń kọ mọ̀nà. Mo sì ti kà á rí pé òyìnbó kan, James Alexander, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1837 pé òun rí àwọn ọmọdé Accra tí wọ́n gbé pákó fífúyẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sójú òkun. Pákó fífúyẹ́, ẹ gbọ́! Ìgbì kékeré, pákó kékeré. Ìṣirò mi pé.

Mo dùbúlẹ̀ lé e, ó rì. Orí mi nìkan ló kù lókè bí igbá tó léfòó. Ìgbì ń kí mi kọjá, kò gbé mi. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ń sáré kọjá lórí omi. Olùkọ́ mi ní ìgbì tí kò lágbára kò lè ti èèyàn. Pákó tó gùn, tó nípọn ló ń léfòó dáadáa, òun ló ń tètè bá ìgbì sáré kó tó fọ́.

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ gbọ́ àgbọ́jù. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù Keje, lásìkò òjò tí ìgbì ńlá máa ń wá láti gúúsù Atlantic, èmi fúnra mi ni mo sáré di fóòmù náà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó lónìí, ẹ máa wòran."

Èmi ọmọ onípákó? Ìgbì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a tẹ pákó kékeré rì, a gba abẹ́ ìgbì kọjá. Tèmi kọ̀, kò rì. Omi gbé e sókè, ó forí sọlẹ̀, okùn tí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi sì fà á padà wá bá mi níwájú orí.

"Ṣé ti kékeré yẹn ni ǹ bá mú?" Mo fi ọwọ́ bo ojú kan.

"Òun ló bá ìgbì òní mu," ló wí. "Kò kàn bá yín mu ni."

Mo dé Ajilete, Bàámi rí kókó iwájú orí mi, wọ́n ní igi wo ló lù mí. Mo ní fóòmù ni. Títí di òní, oníbàárà kan kò lè ra pákó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n má rò ó fún un.