Alága

Kò sí ẹni tó dìbò yan Alága, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ nípò. Bó bá ti yọjú sí ilé ọtí kan ní Àkùngbá, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, igbe á ta: "Alága o! Ẹ̀yin là ń dúró dè!" Á nawọ́ sókè bí ọba tó jókòó lórí ìtẹ́, á ní kí wọ́n gbé káréètì kan wá. Ta ni yóò sanwó? Ìyẹn ò kan Alága. Ọmọ ọdún kìíní kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ilé kì í jìnnà síbẹ̀, tínú rẹ̀ ń dùn pé Alága mọ orúkọ òun.

Ìdí kì í wọ́n ọn. Ìdánwò ń bọ̀, ó mu kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìdánwò parí, ó mu torí pé ó parí. ASUU daṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa jókòó lásán? ASUU padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn náà tó ṣàjọyọ̀. Arsenal gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó mu. Wọn ò gbá a wọlé, ó mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òtútù orí òkè Ọ̀kà náà ń mú un, bẹ́ẹ̀ Àkùngbá ló ń gbé.

Láàárọ̀, kó tó lọ sí kíláàsì, á yà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́paraga. "Ìyá, ẹ bá mi po ti ibà mọ́ ti jẹ̀díjẹ̀dí." Ó ní egbòogi ni, kì í ṣe ọtí. Ibà tó ń ṣeni lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ láti ọdún yìí wá, Alága nìkan ló ní irú rẹ̀.

Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ní ìjọba kórìíra mẹ̀kúnnù. Nígbà tí wọ́n sún òfin náà síwájú, ó ní Ọlọ́run ò sùn. Ọ̀rá mílílítà 30 yẹn ń wọ àpò ṣòkòtò láìyọ síta, ọtí líle inú rẹ̀ sì lè tó ìdá 40 nínú 100. Ti bíà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 5.

Ẹ bá a wí, á ní àṣà wa ni. "Ọbàtálá gan-an mu ẹmu." Òótọ́ ni. Ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ti mu ún, oorun gbé e lọ, Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe. Kẹrí-ófà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Títí dòní, ẹmu lèèwọ̀ àwọn ọmọ Ọbàtálá, ṣùgbọ́n Alága kì í sọ ìtàn náà débẹ̀.

Ti Òde-Ìrèlè ni kì í fẹ́ gbọ́ rárá, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀, ojú wọn ṣú, àwọn kan kú kí ọjọ́ kan tó pé. Wọ́n ní òrìṣà ló ń bínú. Ògógóro ni! Mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, èyí tí ara ń sọ di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́, kò sì sí ahọ́n ọ̀mutí tó lè tọ́ ọ wò kó dá a mọ̀. Ó lé lẹ́ni mẹ́wàá tó kú. Alága ní wọn ò mọ ọtí mu ni.

Àwọn tí òun pẹ̀lú wọn jọ wọ yunifásítì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ó fi ọ̀kadà gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ìkàrẹ́ lóru, ọ̀rẹ́ kán lẹ́sẹ̀; wọ́n mutí lọ́jọ́ kejì láti fi dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́. Ọmọbìnrin tó bá sì mu lọ́dọ̀ rẹ̀ títí tí kò fi mọ ibi tó wà mọ́, Alága á ní, "Ṣé mo fi tipá mú un wá ni?" Ẹ̀rín mi tán níbẹ̀.

Ní Ìkáràm, ìyá Alága ń di iṣu àti gàrí fún awakọ̀ láti kó wá fún un. Iṣu ò dé yàrá rí; ọjà Ìbàkà ló ń parí sí. "Ìwé yẹn le, màámi," ló ń wí lórí fóònù, màmá sì ń gbààwẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní, onílé ni kí ẹ san owó ilé yín fún. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí lóòótọ́, ẹ bá a wọkọ̀ lọ sí Ìkáràm, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ ibi tí ìwé dé.