Làpálàpá Etí Gèlè

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwọn tó pa òwe yìí kò rí kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé ayafótò ayé òde òní ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ wo ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé kan ní Ìgèdè-Èkìtì. Ìyàwó wọ léèsì funfun, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Ayafótò la ojú lẹ́ńsì dé f/1.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn lè fara sin, ó sì ní kí ìyàwó kẹ́yìn sí ojú ọ̀run. Nígbà tó délé, ó rí i: ìlà ẹlẹ́sẹ̀-àlùkò tín-ínrín yí etí gèlè po. Àyà rẹ̀ já.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Àwọ̀ púpọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀, jígí inú lẹ́ńsì kì í sì í tẹ gbogbo wọn bákan náà. Ẹ fojú inú wo èrò tó wọkọ̀ ní Adó, tí gbogbo wọn ń bọ̀ ní Ìgèdè: búlúù ti bọ́ sílẹ̀ ní Ìyìn, pupa gbàgbé ara rẹ̀ dé Arámọ̀kọ. Isaac Newton pàápàá gbà pé kò sí àtúnṣe, kó tó di pé Chester Moor Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, so oríṣi jígí méjì pọ̀ láàrin 1729 sí 1733.

Ọkùnrin wa ṣí Lightroom tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ó fa Defringe, ibi tí wọ́n ti ń pa irú ìlà yẹn rẹ́, dé òpin. Ìlà lọ lóòótọ́, àmọ́ ó kó àlùkò etí aṣọ òkè yèyé ìyàwó lọ pẹ̀lú, ibẹ̀ wá rí eérú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí àkùkọ fi kọ, etí gèlè ló ń wò, ó sún un mọ́ra tó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni gbogbo ẹbí yóò ti wò ó!

Ó wá kọjú sí ojú ìyàwó. Ó fọ̀ ọ́ tó fi ń dán bí àwo, ó gé imú kù, ó sọ adúmáadán di òyìnbó. Ilà ojú ìyá àgbà tó dúró ti ìyàwó ńkọ́? Èyí tí olóòlà fi abẹ kọ, tí ìyá àgbà fi dàgbà, tí ọkọ fi mọ̀ ọ́n, ó pa á rẹ́ kí ojú tó ṣẹ́. Àwọn àgbà bẹ̀rù ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ro ti ẹni tí yóò pa làpálàpá tán, tí yóò wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ̀tẹ̀ ran aláìsàn.

Ká má purọ́, àwa náà là ń sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi fọ ojú yẹn dáadáa."

Àmọ́ kò dìgbà tí a bá fọ ojú kí fótò tó dára. Ayafótò J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fótò irun obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ní dúdú àti funfun, ẹ̀yìn orí ló sì yà nínú púpọ̀ wọn. Síbẹ̀, ayé ń wò wọ́n dòní.

Ẹ̀yin ayafótò wa, ẹ fa ìyàwó sábẹ́ ìbòòji, ẹ pa ojú lẹ́ńsì dé sí f/4 tàbí f/5.6. Ìlà yẹn yóò dín kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì dá ilà ìyá àgbà padà fún un.