Ẹ Wá Wo Ohun Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Rà ní Dirtmouth

Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tí a tọ́ sílé dáadáa, tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àgbà, ló jókòó ti Hollow Knight ní Sátidé tó kọjá. Ó kó owó àkọ́kọ́ tó rí jọ, 300 Geo gbáko, ó gbé e fún Sly oníṣọ́ọ̀bù ní Dirtmouth, ó sì fi ra Gathering Swarm. Ẹ tún un gbọ́ o: Gathering Swarm! Ońdè tó ń rán kòkòrò wẹ́wẹ́ níṣẹ́ kí wọ́n máa bá ènìyàn ṣa owó tó bá já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ibi tó dúró sí, tí kò tíì lè gun ògiri, owó ṣíṣa ló kọ́kọ́ ká a lára. Kò tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, àfi kí ó háyà ẹni tó máa bá a ṣa á!

Mo bi í pé, "Kọ́ńpáàsì ńkọ́?" Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá lówó tán, mo máa rà á." Ẹ gbọ́ èsì. Mo kàn pòṣé ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ géèmù náà, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́, kí n lè padà sídìí òfófó mi. Team Cherry, àwọn ọmọ Australia tó wà ní ìlú Adelaide, ló gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Jagunjagun kékeré kan tí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀, tó ń fi ìṣó jà bí idà, ló sọ̀ kalẹ̀ sínú Hallownest, ìjọba àwọn kòkòrò tó ti dahoro sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn agbára kan wà tí ẹ kò ní fowó rà. Vengeful Spirit, ọ̀dọ̀ babaláwo tó gbé ìkarahun ìgbín sẹ́yìn lẹ ti máa gbà á. Mothwing Cloak tí a fi ń ré kọjá kòtò, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá borí Hornet aláṣọ pupa ní Greenpath ni. Ṣùgbọ́n ońdè, fìtílà àti kọ́kọ́rọ́, owó yín àti ìfẹ́ ọkàn yín ló máa sọ èyí tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Ẹnu lè purọ́, owó àkọ́kọ́ kì í purọ́.

Ẹ tiẹ̀ ro ti Iselda tó ń ta kọ́ńpáàsì náà mọ́ ọn. Obìnrin yẹn dá dúró sẹ́yìn káńtà lójoojúmọ́. Cornifer ọkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń ya máàpù, tó ń kùn orin lábẹ́nu, tí bébà rẹ̀ fọ́n ká sílẹ̀ débi pé bébà náà lẹ óò kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Wayward Compass tí ìyàwó rẹ̀ ń tà kò ju 220 Geo lọ. Kálàmù rẹ̀, 120 péré. Láìsí kálàmù, ibi tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní wọ inú máàpù. Láìsí kọ́ńpáàsì, ẹ óò máa wo máàpù náà bí ẹni tó gba lẹ́tà tí kò mọ̀wé kà. Ọmọ wa kọjá lẹ́nu ọ̀nà obìnrin yìí, kò wo ẹ̀gbẹ́, ó lọ bá Sly.

Ẹ fẹ́ mọ ibi tó já sí? Ó ń ṣa owó lọ ní Greenpath, àpò rẹ̀ kún, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì sọnù. Ó kú síbẹ̀. Ní Hallownest, tí ẹ bá kú, òjìji yín ló máa dúró síbi tí ẹ kú sí pẹ̀lú gbogbo Geo yín. Ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ bá a jà kí ẹ tó gba owó yín. Tí ẹ bá tún kú lójú ọ̀nà, owó ti lọ nìyẹn, títí láé. Ọmọ náà kò rántí ọ̀nà tó gbà lọ. Ó yí po, ó yí po, ó tún kú. Owó tí kòkòrò bá a ṣa, òjìji ló jẹ ẹ́. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo kàn bojú wo ògiri ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọdé sílẹ̀. Àgbà ọkùnrin kan wà tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé ó ní oyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ sì rò pé Bíbélì ló ń kà lóru. Òun lọ sọ́dọ̀ Salubra, oníṣòwò ońdè tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Ó ra Longnail ní 300, tí ìṣó fi ń nà jìnnà. Ó tún ra Shaman Stone ní 220, tí idán fi ń lágbára sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojú ìsoǹdè mẹ́ta péré ló ní. Longnail ń gba méjì, Shaman Stone ń gba mẹ́ta. Bí a bá rò ó pọ̀, ó di márùn-ún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nítorí ibẹ̀ nìkan la ti ń so ońdè, ó so Longnail, ó sì gbé Shaman Stone lé e. Géèmù kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Géèmù kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, títí ó fi wọlé tipátipá.

Àwọn baba wa ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá so ońdè kọjá ààyè rẹ̀, ìyà méjì ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ dípò ẹyọ kan. Ìbòjú márùn-ún tó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta péré tí kòkòrò lásánlàsàn bá gbá a, ó tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni Salubra kan náà ń ta ojú ìsoǹdè, ti àkọ́kọ́ kò ju 120 lọ fún ẹni tó bá ti ní ońdè márùn-ún. Ẹni tó lè mú sùúrù máa rí ààyè. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fẹ́ gún régé lójú ayé. Aṣọ ńlá mà kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ìyẹn dára ju ti ọmọ aládùúgbò wa obìnrin lọ. Ó gbọ́ pé Mantis Claw ni wọ́n fi ń gun ògiri, òótọ́ ni, ó sì bọ́ sí i pé kí ènìyàn tètè wá a lẹ́yìn Mothwing Cloak. Ohun tó wá kò burú. Ìwà tó fi wá a ni mo ń bá wí. Ó yọ́ wọ abúlé àwọn Mantis ní Fungal Wastes bí olè, ó fò kọjá lórí àwọn ọmọ ogun wọn, ó mú nǹkan tó wá mú, ó sá. Nísàlẹ̀ abúlé yẹn, obìnrin mẹ́ta, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, jókòó lórí ìtẹ́. Ẹni tó bá lọ dúró níwájú wọn, tó bọ̀wọ̀, tó sì bá wọn jà, ọ̀kan á kọ́kọ́ dìde, lẹ́yìn náà méjì á jọ bọ́ sílẹ̀. Tó bá borí, gbogbo Mantis tó wà ní abúlé náà ló máa tẹrí ba fún un, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọmọbìnrin wa kò kí ọba ìlú, kò mọ̀ pé ìlú ní ọba. Títí di òní, gbogbo ìgbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ṣe ni wọ́n ń gbógun tì í. Ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, àwọn kòkòrò yìí burú o." Àwọn ló burú, àbí ìwọ tí o wọ ilé onílé láìkí wọn?

Àwọn tí kò fẹ́ ṣe wàhálà tún wà. Lumafly Lantern wà lọ́dọ̀ Sly ní 1,800 Geo, tí ènìyàn fi ń gba inú òkùnkùn dé Crystal Peak. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lọ sí City of Tears, kí ẹ borí Soul Master, kí ẹ gba Desolate Dive, kí ẹ fi fọ́ ilẹ̀ wọlé. Mo mọ ẹnì kan tí ẹ̀rù Soul Master bà débi pé ó lo gbogbo ọjọ́ Àìkú ní Forgotten Crossroads, tó ń pa àwọn kòkòrò aláìsàn ibẹ̀ ní Geo díẹ̀díẹ̀, títí 1,800 fi pé. Ó wá ń pe ara rẹ̀ ní jagunjagun!

Ti Fragile Strength ni kí ẹ wá gbọ́. 600 Geo ni Leg Eater ń tà á ní Fungal Wastes. Ó ń mú kí ìṣó yín dun ọ̀tá gan-an, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ọjọ́ tí ẹ bá kú, ó fọ́, ẹ ó sì tún sanwó fún Leg Eater kí ó bá yín tún un ṣe. Ẹni tó ń kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ló lọ kọ́kọ́ ra ohun tó ń fọ́ nígbà ikú. Nígbà tó sú u, wọ́n ní kí ó gbé e lọ fún Divine, obìnrin abara gbẹ̀ǹdẹ̀ tó wà nínú àgọ́ tí àwọn Grimm pa sí Dirtmouth. Divine gbé ońdè náà mì níṣojú rẹ̀, ó ní kí ó mú 15,000 Geo wá. Ó san án. Ońdè náà jáde, kò lè fọ́ mọ́. Ibi tó gbà jáde, ẹnu mi kò lè sọ ọ́ níwájú ọmọlúàbí.

Ó ku ẹyọ kan, òun ló wúwo jù. Simple Key, 950 Geo, lọ́dọ̀ Sly kan náà. Ẹni tó ní làákàyè á fi ṣí Royal Waterways, nítorí pé ibẹ̀ la gbà dé ibi Isma's Tear, tí ènìyàn fi ń wẹ̀ nínú omi oró láìkú. Obìnrin kan, àgbàlagbà, ẹni tí àwọn ọmọdé ń bọ̀wọ̀ fún, fi kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣí Pleasure House ní City of Tears! Ilé ìgbádùn! Ó lọ wẹ omi gbígbóná, ó jókòó ń gbọ́ orin, Royal Waterways sì wà ní títì.

Mo ń sọ èyí lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí ọmọ tó ra Gathering Swarm yẹn dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ta ló ni ààyè kejì nínú mẹ́rin tí a ń fi géèmù pamọ́ sí?"

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Millibelle, obìnrin oníbáńkì tó wà ní Fog Canyon, ló gba owó mi pé òun á bá mi tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó pọ̀ dáadáa, tí mo padà lọ, n kò bá Millibelle, n kò bá owó. Wọ́n ní ó wà ní Pleasure House tó ń wẹ̀. Owó mi ni mo lọ gbà! Mo na án ní ìṣó, Geo ń dà sílẹ̀ wàràwàrà lára rẹ̀, mo sì ṣa á fúnra mi, láìháyà kòkòrò kankan. Pé mo jókòó díẹ̀ nínú omi gbígbóná náà lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ̀ mí ni.

Síbẹ̀, ẹjọ́ mi kò sọ tiwọn di àre. Ohun tí a fi ń ríran ló yẹ kó ṣáájú ohun tí a fi ń kówó jọ. Ohun tó ń ṣí ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú ohun tí a fi ń ṣe fáàrí. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe bí ọmọ wa. Kọ́ńpáàsì náà ṣì wà lórí káńtà Iselda, 220 Geo, kò fi kọ́bọ̀ lé e.